Igi Méjì Tó Forí Korí

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi ró kó-kó-kó, ó balẹ̀ gbì, ó dá lórí Àkókó, ẹyẹ gbẹ́nàgbẹ́nà, àti Òkété agbéraga.

Ní ìlú àwọn ẹranko, àgbàrá gbé afárá odò lọ. Òjò ńlá tún ń ṣú bọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ Ìyá Ìgbín sì wà lóko, lódìkejì odò. Bí odò bá kún kí afárá tó dúró, ó di ẹ̀ẹ̀rùn kí ìyá arúgbó náà tó tún fojú kàn wọ́n.

Gbogbo ìlú forí korí. Kò sí igi kan ṣoṣo tó gùn tó odò náà. Ẹtu yọ igi àjà ilé rẹ̀, ó gbé e wá. Òkété wọ́ ìrókò wá. Wọ́n ní kí Àkókó so méjèèjì pọ̀.

Àkókó wo igi títí, ó ní, "N ó gbẹ́ ìdajì kúrò lẹ́nu tibí, n ó gbẹ́ ìdajì kúrò lẹ́nu tọ̀hún, kí ọ̀kan lè jókòó sórí èkejì."

Òkété fò sókè. "Gbẹ́ kí ni? Ti Ẹtu ni kó o gbẹ́! Ẹnì kan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìrókò mi. Ṣebí ìlú forí korí, ọ̀rọ̀ sì yanjú? Jẹ́ kí igi náà forí korí, kó o kàn án ní ìṣó!"

"Bàbá, kò ní dì mú. A kì í rẹ́ ẹnì kan jẹ nínú iṣẹ́ yìí."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń forí gbá igi látàárọ̀, ọpọlọ rẹ̀ ti jò tán! Ìwọ tó o níyẹ̀ẹ́ lápá, kí ló kàn ọ́ kan afárá?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó dun Àkókó wọra. Ó fi orin sí i:

Igi méjì pàdé lódò,
Gé díẹ̀, kí n gé díẹ̀!
Ìrókò lóun ò ní gé,
Gé díẹ̀, kí n gé díẹ̀!
Ta ni yóò gbé Ìyá kọjá?
Gé díẹ̀, kí n gé díẹ̀!

Wọn kò gbọ́. Wọ́n forí igi ko orí igi, wọ́n kàn án ní ìṣó, gbà, gbà, gbà. Òkété ní òun ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. Ó ń yan, ó ń mi ìrù. Ó dé àárín, kẹ̀ẹ̀! Ìṣó yọ, igi yà kúrò lára igi, Òkété já sódò, jàbú!

"Ẹ gbà mí o!"

Ẹtu ló bẹ́ sómi. Ẹtu ló wọ́ ọ jáde. Òkété jókòó, omi ń kán tó-tó-tó lára rẹ̀. Ó wo Ẹtu tí ilé rẹ̀ kò ní àjà mọ́, ojú tì í.

"Àkókó, gbẹ́ ẹ."

"Báwo ni kí n ṣe gbẹ́ ẹ tó, Bàbá?"

"Bó o bá ṣe gbẹ́ ti Ẹtu tó."

Wọ́n fa igi méjèèjì sókè. Kó-kó-kó! Ọ̀kan jókòó sórí èkejì, Àkókó fi èèkàn há wọn, wọ́n di ọ̀kan. Gbogbo ìlú ló gbe orin lọ́tẹ̀ yìí:

Igi méjì pàdé lódò,
Gé díẹ̀, kí n gé díẹ̀!
Ìrókò gé, ti Ẹtu gé,
Gé díẹ̀, kí n gé díẹ̀!

Ìyá Ìgbín kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó yára. Nígbà tí òjò náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó ti padà dé, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ta ló sì kọ́kọ́ gbé igi àjà tuntun délé Ẹtu? Òkété ni.

Ibi tí igi ti so mọ́ igi ni àlọ́ mi so kọ́ sí. Ẹ̀yin ọmọ, ìforíkorí nìkan kì í ṣe ìṣọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ gbé ẹrù, kó jẹ́ ká gé lára tirẹ̀ náà. Bí mo bá purọ́, kí Àkókó sọ mí lórí!
Kó-kó-kó!