Agbè Omi ní Èbúté Pútéólì

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, láyé àtijọ́, ni agbè bọ́ lórí Pírímílà ní èbúté Pútéólì, nílẹ̀ àwọn ará Róòmù. Gbogbo wa la máa ń sọ pé, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ṣé ẹ mọ bí ìtàn ṣe sọ pé ó bẹ̀rẹ̀?

Sẹ́sítù, ọkọ Pírímílà, bàbá Lúsíà ọmọ wọn, ló ń tu ọkọ̀ àlìkámà láti Alẹkisáńdíríà. Omi inú ọkọ̀ a máa rùn kí wọ́n tó gúnlẹ̀, nítorí náà omi kànga tútù ni ìyàwó rẹ̀ fi ń pàdé rẹ̀.

Òfin kan wà níbẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń sún mọ́ èbúté gbọ́dọ̀ ká ìgbòkun kékeré tó wà lókè òpó wálẹ̀. Ọkọ̀ àlìkámà nìkan ni kì í ká tirẹ̀. Ohun tí ará ìlú fi ń dá a mọ̀ lókèèrè nìyẹn.

Lọ́dún yẹn, ọkọ̀ àlìkámà márùn-ún ni wọ́n ń retí. Ìjì jà. Mẹ́rin dé, Sẹ́sítù ò sí nínú wọn. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni Pírímílà fi gbé omi lọ, tó tún gbé e bọ̀. Ní ọjọ́ kejìlá, ọkọ̀ kan yọ, kò sí ìgbòkun kékeré lórí rẹ̀.

Bàbá Fúsíkù, arúgbó tó ń so okùn ọkọ̀ ní èbúté, sọ fún Pírímílà pé, "Ìyá Lúsíà, ọkọ̀ olóròóró nìyẹn. Máa lọ sílé, oòrùn ti mú."

Pírímílà jókòó díẹ̀. Nígbà tó gbé agbè rù, kò wẹ̀yìn mọ́, kò rí i pé ọkọ̀ náà ti gúnlẹ̀. Ibi tó ti ń lọ ló ti gbọ́ ohùn kan:

"Ìyá Lúsíà, ta lo ń gbé omi mi lọ fún?"

Agbè bọ́. Sẹ́sítù ló dúró níbẹ̀, iyọ̀ gbẹ mọ́ ọn nírùngbọ̀n. Ó ní ìjì fẹ́ wó òpó, làwọn bá gé ìgbòkun náà dànù. Àlìkámà pé, ènìyàn pé. Ó wo ilẹ̀ tó tutù.

"Ogójì ọjọ́ ni mo fi mu omi tó ń rùn, o wá da èyí tó dára nù."

Pírímílà gbé agbè, ó yí i wò, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Lúsíà, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kànga ò jìnnà."

Àwọn àgbà ń pa òwe yìí fún ẹni tí ilé rẹ̀ jó tí òun kò jó mọ́ ọn, àti fún abiyamọ tí ọmọ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ tí òun fúnra rẹ̀ yè. Lọ́jọ́ yẹn, ìgbòkun kan àti omi agbè kan ló ṣòfò.