Agogo Tí Bàbá Alágbẹ̀dẹ Gbé Wá

"Ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀ yóò gba owó òkúta." Gbogbo yín lẹ máa ń pa á lówe. Ó dáa, ta ló ń ra erùpẹ̀? Èyí tó kún ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ ti rí ẹni tó ń kiri rẹ̀ rí? Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ kó lọ bá wọn jà.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà ní Arómisá tí kò ní agogo. Ẹnu ni tíṣà fi ń pe àwọn ọmọ. Àwọn tí ilé wọn jìnnà kì í gbọ́, wọ́n á pẹ́ dé, wọ́n á sì jẹgba. Ni àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún bá dá òwò sílẹ̀: wọ́n ń gbin kóró ọsàn sínú ọ̀rá tí wọ́n bu erùpẹ̀ sí, kí wọ́n lè tà á bó bá hù dáadáa, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ ra agogo. Fadérera ni ọ̀gá wọn. Ọmọ náà já fáfá, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

Bàbá Arówólò alágbẹ̀dẹ wá wo ọgbà wọn, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹ kó àwọn ọsàn yìí fún mi kí n fi dá oko. Èmi náà á rọ agogo fún yín." Gbogbo wọn jó délé.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n kó o lọ, Fadérera bomi rin ọgbà tán, ìkánjú eré kò jẹ́ kó ti ilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ wọlé, ó jẹ gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀. Bó bá sọ òótọ́, kí ni ẹnikẹ́ni máa fi ṣe é? Wọ́n á tún òmíràn gbìn ni. Ṣùgbọ́n ó tijú. Ló bá ní kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka ọsàn wá, kí wọ́n máa kì í bọ inú erùpẹ̀.

Láńre, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bi í pé, "Ṣé kò ní kú?"

"Bó bá kú, Bàbá ni kò bomi rin ín."

Wọ́n kó o lọ. Bàbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún wọn.

Nígbà tó yá, bàbá fúnra rẹ̀ wá sílé ìwé, ó rọra pe Fadérera sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọmọ mi, má bínú sí mi. Àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń bomi rin wọ́n. Ìyàwó mi náà ń bá mi pọn ọ́n lódò. Síbẹ̀ wọ́n ń rọ. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Ibi tí à bá ti jẹ́wọ́ nìyí. Fadérera dorí kodò, ó ní, "Bóyá omi yín ló pọ̀ jù, Bàbá." Ẹ gbọ́ mi, ọmọ tí wọ́n bí dáadáa ni o! Àgbàlagbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń lọ sílé.

Nígbà tó délé ló fa ọ̀kan tu, kó lè wo bí omi ṣe ba gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́. Kò rí gbòǹgbò. Ó fa òmíràn. Erùpẹ̀ nìkan ló bá níbẹ̀.

Ọjọ́ tí Bàbá dá pé òun á gbé agogo wá pé. Àwọn òbí péjọ, tíṣà wọ agbádá, ìyá Fadérera ń jó kiri, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ òun ló ṣe é. Bàbá gbé ẹrù kan tó fi aṣọ bò kalẹ̀. Tíṣà ṣí i. Òkúta ni.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Owó ọjà wọn ni. Erùpẹ̀ ni wọ́n tà fún mi. Ẹ bi ọ̀gá wọn."

Ìyá Fadérera dá ijó dúró. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó ń retí kó ní irọ́ ni. "Òótọ́ ni, Màámi," ni ọmọ náà wí, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Ìyá rẹ̀ tú gèlè, ó fi bojú, ó gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ sílé.

Ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní kan, tí kò mọ ohunkóhun nípa òwò, mú igi, ó lu òkúta náà. Ó tún un lù. Ó wá yíjú sí Fadérera.

"Àǹtí, kò dún."

Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀ yóò gba owó òkúta.