Ta Ní Ń Mu Omitooro Adìyẹ?

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà, àgbẹ̀ onírẹsì ni. Ó fẹ́ràn Súyún ìyàwó rẹ̀ bí ẹyinjú. Nígbà tí obìnrin náà bí ọmọ wọn kẹta, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Ètè rẹ̀ funfun, irun ń já lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa kú. Bí ó bá dùbúlẹ̀, àyà rẹ̀ a máa já, oorun a kọ̀ ọ́.

Ọkọ mú un lọ sọ́dọ̀ àgbà oníṣègùn kan. Bàbá náà wo ahọ́n rẹ̀, ó fi ìka tẹ iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni kò tó. Èyí tí ọkàn ń jẹ kò tó, ni kò fi rí oorun sùn. Èyí tí ẹ̀dọ̀ ń jẹ náà kò tó, ni ọwọ́ fi ń kú." Ó fún wọn ní egbò igi àti èso pupa gbígbẹ, kí wọ́n máa fi se adìyẹ, kí Súyún máa mu omitooro rẹ̀.

Ọkùnrin náà ń pa adìyẹ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ráhùn. Síbẹ̀, oṣù kan kọjá, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ̀rù bà á pé ikú fẹ́ já obìnrin yìí gbà lọ́wọ́ òun. Ó tún mú un padà lọ, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun pààrọ̀ oògùn.

Ojú ọkọ ni oníṣègùn ń wò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà ń dán.

"Ọmọ mi, ta ní ń mu omitooro yẹn?"

"Ìyàwó mi ni, Bàbá. Oko ni èmi máa ń wà."

Súyún wolẹ̀. "Mò ń tọ́ ọ wò, Bàbá. Ìyókù ni mò ń dà sínú oúnjẹ alẹ́ ọkọ mi. Òun ló ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá wó lulẹ̀, kí ni àwọn ọmọ yóò jẹ?"

 Oúnjẹ alẹ́ ti ń dùn lẹ́nu ọkùnrin náà láti oṣù kan sẹ́yìn, kò sì béèrè ìdí.

Oníṣègùn kò pààrọ̀ nǹkan kan. Ó ní, "Jókòó tì í títí yóò fi mu ún tán."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ ṣe. Ó ń gbé ọmọ ìkókó lé itan, ó ń jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Súyún sunkún sínú abọ́, nítorí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ẹnikẹ́ni kò jókòó wò ó kí ó jẹun. Kí ìkórè tó dé, ètè rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ń sùn fọnfọn.

Ìwọ tí o ń gbé owó oúnjẹ sílẹ̀ kí o tó jáde, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń bu oúnjẹ fún gbogbo ilé, kí ní ń kù sí abọ́ tirẹ̀? Bí o bá délé lónìí, má wulẹ̀ bi í bóyá ó ti jẹun, yóò ní òun ti jẹ. Fa àga sún mọ́ ọn, kí o jókòó.