Aṣọ Kì í Wọ Odò Yìí

Ọkùnrin kan wà tí ó ń rán aṣọ, kò sì sí àbùkù ara tí kò lè bá ènìyàn fi aṣọ bò. Bí èjìká oníbàárà kan bá relẹ̀ ju èkejì lọ, á ká àkísà há èjìká aṣọ níbẹ̀ kí méjèèjì lè dọ́gba. Bí ikùn bá yọ síta, ó mọ bí yóò ṣe gé bùbá tí yóò dà lé e bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀rín làwọn ènìyàn fi ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun nìkan ni kò rí aṣọ tó tó o bò, nítorí nínú ooru ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá, síńgílẹ́ẹ̀tì méjì ló máa ń wà lábẹ́ bùbá rẹ̀.

Nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́ ni áyọ́ọ̀nù eléèédú já lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí, ẹyin iná sì dà sí i lára láti àyà dé itan. Ó jinná. Egbò a máa jinná, àpá ni kì í lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ sọ nígbà tó rí àpá náà ló dùn ún ju iná lọ. Ó ní ara rẹ̀ ti di ara ọ̀nì. Láti ọjọ́ náà, kò tún bọ́ aṣọ níṣojú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó gbéyàwó, wọ́n sì bí ọmọ kan, síbẹ̀ ọdún mẹ́wàá gbáko ni obìnrin náà fi ń bá aṣọ gbélé. Bí ọkọ rẹ̀ bá fẹ́ wẹ̀, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Bí ó bá fẹ́ sùn, á pa iná, síńgílẹ́ẹ̀tì kò sì ní kúrò lára rẹ̀. Ìyàwó béèrè títí ó fi sú u. Nígbà tí iṣẹ́ wá gbé ọkùnrin yìí lọ sí abúlé kan létí odò, níbi tí yóò ti rán aṣọ tuntun fún àwọn akọrin ìjọ, obìnrin náà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá Mojírádé, ọjọ́ keje lẹ ní ẹ ó dé. Bí ẹ bá dé tí ẹ kò jẹ́ kí n rí ohun tí ẹ ń fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ yìí, ilé bàbá mi ni mò ń kó lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà dà á lọ́kàn rú. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Bí kò bá bọ́ aṣọ, yóò lọ. Bí ó bá sì bọ́ ọ, ta ni yóò bá ọ̀nì gbélé? Ọ̀nà méjèèjì, ibì kan náà ni ó já sí lójú rẹ̀.

Abúlé yìí kò ní kànga. Odò ni wọ́n ń mu, odò ni wọ́n fi ń wẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí obìnrin ti ń wẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ọkùnrin. Ọjọ́ tí ó dé ni wọ́n ti sọ fún un pé aṣọ kì í wọ odò àwọn. Aránṣọ ni, ojú iṣẹ́ rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ: ó rò pé aṣọ fífọ̀ ni wọ́n kà léèwọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ó fi rọra ń fọ ojú àti ẹsẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ara ń yún un, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ọkùnrin létí odò, ó wọ inú omi tòun ti ṣòkòtò àti síńgílẹ́ẹ̀tì méjèèjì.

Gbogbo ojú yí sí i. Ó wo àyà ara rẹ̀, ó rò pé aṣọ tó tutù ti tú àṣírí òun. Ẹ̀rù bà á, kò mọ̀ bóyá kí òun jókòó sínú omi ni tàbí kí òun sá.

Bàbá arúgbó kan tó ń bu omi sẹ́yìn ló dá a lóhùn ohun tí kò tíì béèrè. “Aránṣọ, aṣọ rẹ là ń wò. Kó o sórí òkúta níbẹ̀, ká lè gbàgbé ẹ.”

Ìgbà náà ni ó tó wò wọ́n. Kò sí aṣọ lára ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì kìíní, ó bọ́ èkejì, ó bọ́ ṣòkòtò. Ọkùnrin tó sún mọ́ ọn jù lọ wo àpá náà, ó bi í pé ṣé iná ni. Ó ní iná ni. Ọkùnrin náà kí i kú ewu, ó sì ní kó bá òun mú kànrìnkàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Kò yé e. Ohun tí ó ti fi pamọ́ láti ọdún yìí wá, ẹnikẹ́ni kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn ún. Ó wá ń wo àwọn tí ó ti fi téèpù wọ̀n láti ọjọ́ tó ti dé. Ó mọ ìwọ̀n wọn, kò mọ ara wọn. Àpá iṣẹ́ abẹ gba inú ẹnì kan kọjá, ara ẹlòmíràn ní àmì funfun káàkiri, ìdí bàbá arúgbó ti hun jọ. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Olórí akọrin, tí èjìká rẹ̀ kan relẹ̀ gan-an, sún mọ́ ọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ há sí èjìká aṣọ tí mo dán wò láàárọ̀? Ó ń mú mi lóoru.”

Ó tú àkísà náà kúrò lọ́jọ́ kejì. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni ó ń padà sódò, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ kẹfà, ó ti gbàgbé láti fi ọwọ́ bo àyà. Ara náà ni, àpá náà ni, kò sí ohun tó kúrò lára rẹ̀, síbẹ̀ ara fúyẹ́. Títí ó fi dágbére fún wọn, kò mọ ohun tí odò náà ṣe fún òun.

Nígbà tó délé, ẹrù ìyàwó rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọ̀sán gangan ni. Ó ṣí fèrèsé, ó sì bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà wò ó, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan àpá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó jókòó lé ẹrù rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

“Iná nìkan? Gbẹ́rẹ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni mo pè é láti ọdún mẹ́wàá. Ojoojúmọ́ ni mò ń rò pé wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú ọmọ wá.”

Ojú ni ó ń ti ọkùnrin náà tí ó fi bo àpá iná mọ́lẹ̀, kò mọ̀ pé ìyàwó òun ń rí ikú níbẹ̀.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, n kò ní kí o rìn ní ìhòòhò lọ sọ́jà o. Wèrè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò rí ara ẹlòmíràn rí ni ó ń rò pé tòun ló burú jù láyé. Wá àwọn tí ẹ jọ lè wà láìsí aṣọ, láìsí ẹ̀sín, kí o lọ sọ́dọ̀ wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. N kò sì ní bi ọ́ ní ohun tó wà lábẹ́ súwẹ́tà tí o wọ̀ nínú ooru yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń bá ọ gbélé ti ń bi ara rẹ̀, mo sì bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ó dá ara rẹ̀ lóhùn.