Ìdí Tí Ìrẹ̀ Fi Ń Ké Lẹ́nu Ihò

Nígbà láéláé, nígbà tí ìrù Òkété ṣì dúdú láti ìdí dé ṣóńṣó, tí Ìrẹ̀ kò sì tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gbígbé inú ihò, abúlé kan wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà láàárín òkè méjì. Ìsàlẹ̀-Ẹfun ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ jìnnà gan-an. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ yóò sọdá odò mẹ́ta, yóò sì rìn títí yóò fi máa bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló rán òun níṣẹ́.

Ẹfun ni wọ́n ń wà níbẹ̀, ẹfun funfun báláú. Ẹsẹ̀ adìyẹ funfun, ojú ọ̀nà funfun, kódà ọbẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣàì ní ẹfun díẹ̀ nínú. Yàtọ̀ sí ẹfun, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá bímọ, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì dé nìyẹn.

Àwọn ará abúlé yìí ní òfin kan tí kò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan kì í wọ ihò ẹfun láìsí ẹlòmíràn lẹ́nu ihò. Aṣọ́hò ni wọ́n ń pe onítọ̀hún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di okùn tí awakùsà so mọ́ ìdí mú, kó sì máa ké wọnú ihò pé, "Ṣé o wà?" Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á dáhùn pé, "Mo wà o!" Bí òjò bá ṣú, aṣọ́hò á fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta, awakùsà á sì jáde kíákíá, nítorí ẹfun tútù kì í mọ ẹni ọ̀wọ̀. Bí ilé baba aṣọ́hò bá tilẹ̀ ń jó, kò gbọdọ̀ dìde.

Òkété ló mọ ihò gbẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Obìnrin kúkurú ni, aláápọn, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìrẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni aṣọ́hò rẹ̀. Ẹ̀rù ihò ń ba Ìrẹ̀ débi pé kì í bojú wo inú ìkòkò omi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dún ju ti gbogbo abúlé lọ. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá jókòó, á na ẹsẹ̀ kan, á ká a, á na èkejì. Ojú ọ̀nà ló máa ń wò ṣáá.

"Òkété," ló máa ń ké wọnú ihò, "ṣé ayé wa kò wá ní ju báyìí lọ ni?"

"Ohun tí wọ́n ní kí o ké ni kí o máa ké," ni Òkété á sọ.

"Ó dáa. Ṣé o wà?"

"Mo wà o, ọ̀rẹ́ mi. Ibo ni n ó lọ?"

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin, ariwo sọ ní ìgboro abúlé. Lékeléke oníṣòwò ti dé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá gba ẹfun tó fi ń fọ aṣọ rẹ̀ (ẹ̀yin náà ẹ ò rí aṣọ ọ̀hún ni?), ìròyìn gbogbo ìlú ló sì máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ìrẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín. Ó gbọ́ àtẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

"Òkété! Lékeléke ti dé o!"

"Mo gbọ́. Ó kù díẹ̀ kí n jáde."

"Bó bá lọ ńkọ́? Ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn!"

"Ìrẹ̀, jókòó. Ìwọ nìkan ni mo ní lókè yẹn."

Ìrẹ̀ jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó. Ó gbójú sókè, ó rí ìkúukùu kan lórí òkè, kékeré bí òwú tí wọ́n já sọnù. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òjò kò lè rọ̀ lónìí. Ó so okùn mọ́ kùkùté igi, ó sì yọ́ lọ. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé kò sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ń lọ.

Lékeléke ń sọ̀rọ̀ ìlú kan tí odò rẹ̀ kò ní òdìkejì. Ìrẹ̀ fi ara gba àárín èrò kọjá. "Baba oníṣòwò, ẹ mú mi dání! N ó máa gbé ẹrù yín. Ilẹ̀ ibí yìí ti sú mi."

Lékeléke wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ta ni ìwọ ń bá ṣiṣẹ́ níbí?"

Bí Ìrẹ̀ ti la ẹnu láti dáhùn, ẹ̀kán òjò kan bọ́ sí i lórí, pó!

Baba Ìgbín, olórí àwọn awakùsà, yí ojú rẹ̀ méjèèjì sí i. "Ìrẹ̀! Ta ló wà lẹ́nu ihò?"

Eré ni Ìrẹ̀ fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, òjò ti dà, ẹnu ihò ti wó, ẹfun tútù sì ti dí i pa. Ó fa okùn. Okùn wá wọ́ọ́rọ́, kò sí nǹkan kan nídìí rẹ̀.

"Òkété, ṣé o wà?"

Ó fi etí lé ẹfun tútù náà.

"Òkété, ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, ṣé o wà?"

Gbogbo abúlé gbẹ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Baba Ìgbín ní, "Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ọmọ mi. Máa bọ̀ nílé." Ìrẹ̀ kò gbọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ihò ń bà fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Bó bá gbẹ́ wọlé, á ké. Á tún jáde sẹ́nu ihò, á ké.

Òkété kò kú o. Nígbà tí omi kọ́kọ́ kán sí i lára, ó fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí ẹni fà á padà. Ìgbà náà ló mọ̀ pé òun nìkan ló kù. Ó tú okùn kúrò nídìí, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ihò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọ̀nà mìíràn. Ẹfun tútù gbá a ní ìrù mú. Ó fà á, ó fà á, títí ó fi já ara rẹ̀ gbà. Ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún ló ti yọrí síta. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ìrù rẹ̀ ti funfun láti àárín dé ṣóńṣó. Ó fọ̀ ọ́ nínú odò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹfun kò ṣí.

Létí odò kẹta ni Baba Ìgbín ti bá a pàdé. "Òkété! Ìwọ rèé láàyè! Ìrẹ̀ ń ké ọ, kò jẹ, kò mu. Lọ dá a lóhùn."

"Mo ti dá a lóhùn, Baba," ni Òkété wí. "Mo pariwo 'mo wà' nísàlẹ̀ yẹn títí ohùn mi fi há. Òun ni kò sí níbẹ̀."

"Dárí jì í. O mọ̀ pé ara rẹ̀ kì í balẹ̀."

"Mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n okùn mi kò ní sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́." Ó nu omi ojú rẹ̀, ó sì wọgbó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ìrù Òkété ti funfun dé ìdajì. Láti ọjọ́ náà ni kò sì ti gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan mọ́. Bí ẹ bá dí ọ̀kan, á gba òmíràn jáde.

Láti ọjọ́ náà sì ni Ìrẹ̀, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́nà, ti di ará inú ihò, tó ń jókòó sẹ́nu rẹ̀, tó ń ké. Bí ẹ bá rìn súnmọ́ ọn, á dákẹ́ lójijì. Ẹ má rò pé ẹ̀rù yín ló ń bà á. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ni, ó sì rò pé Òkété fẹ́ dáhùn. Bó bá tẹ́tí títí tí kò gbọ́ nǹkan kan, á tún bẹ̀rẹ̀.

Òkété sì ń gbọ́ ọ. Á dúró díẹ̀ lẹ́nu kejì ihò rẹ̀, á tẹ́tí, lẹ́yìn náà á bá tirẹ̀ lọ.