Ìlà Tí Ọkùnrin Náà Pa Rẹ́ Nínú Ìwé Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bójú tó àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn mẹ́rìnlá fi ń béèrè ẹ̀jẹ̀. Ètò náà kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n tó ọgbọ̀n, kéékèèké, oníkálùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan ń gba ìbéèrè, ọ̀kan ń wo irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́, ọ̀kan ń wá ibi tí irú rẹ̀ wà, èyí tó kẹ́yìn sì ń pe ọlọ́kadà tí yóò gbé e lọ. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń ránṣẹ́ síra wọn. Bí ọ̀kan bá dákẹ́ láàárín wọn, ìbéèrè á wọlé, kò ní jáde, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ibi tó há sí.

Nítorí èyí ni ilé iṣẹ́ ọkùnrin náà ṣe gba obìnrin méjì tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa fi fóònù béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ yín ti dé?" Ọ̀nà àtijọ́ ni, ó sì ń falẹ̀. Àwọn aláṣẹ wá ní kí ọkùnrin náà wá irinṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ àwọn ètò náà, kí ó dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó sì kọ̀wé wá bóyá àwọn lè gbára lé e.

Ó rí ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ṣe é ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Wọ́n á fi olùṣọ́ kan, tí òun náà jẹ́ ètò kékeré, sí ẹ̀gbẹ́ ètò kọ̀ọ̀kan, olùṣọ́ náà á máa gbọ́ gbogbo ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde, á sì máa ròyìn. Irinṣẹ́ náà á wá ya gbogbo rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà: ìlà aláwọ̀ ewé bí nǹkan bá ń lọ déédéé, ìlà pupa bí kò bá lọ. Ètò tí kò bá ní olùṣọ́ kò ní hàn níbẹ̀ rárá.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọkùnrin náà ya ọ̀lẹ. Ó yẹ irinṣẹ́ náà wò tinútìta. Ó mọ̀ọ́mọ̀ dá ètò kan dúró, ìlà rẹ̀ sì pọ́n kí ó tó ṣẹ́jú. Ó mú kí òmíràn falẹ̀, irinṣẹ́ náà rí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́.

Ó wá ku ètò kan ṣoṣo tí kò tíì fi olùṣọ́ sí, èyí tó ń pe ọlọ́kadà. Ọ̀gá àgbà kan ló kọ ọ́, ẹni tó kọ́ ọkùnrin náà níṣẹ́, tó sì dúró bíi bàbá fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà lọ bá a ní ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín.

"Ṣé èmi náà lo wá fẹ́ fi olùṣọ́ tì báyìí?"

"Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá."

Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ó fi ètò ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ láìní olùṣọ́. Nígbà tó ń kọ ìwé rẹ̀, ó kọ ìlà kan pé ètò kan wà tí irinṣẹ́ yìí kò rí. Ó wò ó. Ó rántí pé ọ̀gá náà á ka ìwé yìí, ojú sì tì í. Ó pa ìlà náà rẹ́, ó sì kọ ọ́ pé irinṣẹ́ náà ṣeé gbára lé. Àwọn aláṣẹ gbà á gbọ́. Wọ́n gbé obìnrin méjì yẹn lọ sí ẹ̀ka mìíràn.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nọ́ọ̀sì kan pe ọkùnrin náà. Obìnrin kan ti bímọ lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, ó sì ti lé ní wákàtí kan tí wọ́n ti béèrè ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin náà wo ojú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìlà ló jẹ́ aláwọ̀ ewé.

"Ẹ fara balẹ̀, mà," ó ní. "Ó ti wà lọ́nà. Mò ń wò ó níbí."

Nọ́ọ̀sì náà tún pè. Ó tún wò, ó tún dá a lóhùn bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó pè, ó ń sunkún, ọkùnrin náà sì mọ̀ pé ètò ọ̀gá òun, tí kò ní olùṣọ́, ló dákẹ́. Kí á má sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni. Kò gbàgbé rí. Ó kàn jẹ́ kí àwọ̀ ewé yẹn máa tu òun nínú.

Ó sáré lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà ṣí ètò náà wò, ó sì bá ìbéèrè méje nínú rẹ̀ tí kò tíì pe ẹnikẹ́ni fún. Àwọn méjèèjì gbé fóònù, wọ́n ń pe àwọn ọlọ́kadà lọ́kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn mẹ́fà rí ẹ̀jẹ̀ gbà. Obìnrin náà ti kú kí tirẹ̀ tó dé.

Ọ̀gá náà jókòó.

"Kí ló dé tí o kò fi olùṣọ́ sí tèmi?"

"Ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ ẹ, sà. Lọ́jọ́ tí mo wá sọ fún yín."

"Àwàdà ni mo bá ọ ṣe," ọ̀gá náà ní. "Àwàdà lásán ni."

Ọkùnrin náà fi olùṣọ́ náà sí i lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn aláṣẹ ní ẹ̀rọ ló kọṣẹ́, wọn kò bá ẹnikẹ́ni wí. Òun nìkan ló mọ̀ nípa ìlà tó pa rẹ́, ìbànújẹ́ rẹ̀ kò sì ní ẹni tí yóò bá a gbé e. Ọmọ tí obìnrin náà bí á ti máa rìn báyìí. Bí ọkùnrin náà bá rí ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, á yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìwọ tí mò ń sọ ìtàn yìí fún ńkọ́? Wọ́n ní kí o lọ yẹ ilé iṣẹ́ kan wò, kí o sì wá jábọ̀, o sì ti ń sọ fún mi láti àárọ̀ pé yàrá kan wà níbẹ̀ tí o kò ní wọ̀, nítorí àgbà tó ni ín. Lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, kí àyà rẹ kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o wọ yàrá náà. Bí ojú bá tì ọ́ jù, má wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé o kò wọ̀ ọ́, kí wọ́n lè rán ẹlòmíràn. Ìtìjú yẹn, tìrẹ ni. Má ṣe gbé e ru ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí.