Ìwé Òfìfo Àárín Sítáǹbù

Àyìnlá, jókòó. Kí la ti mọ̀ nípa ìwé sítáǹbù? O mọ̀ pé sítáǹbù ni à ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà kí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó gbé e. O lè má mọ̀ pé abala ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, tí àwọn èèyàn ń fi sísọ́ọ̀sì gé e. Nígbà tó yá ni wọ́n dì í pọ̀ bí ìwé kékeré, tó ní èèpo tirẹ̀. Wọ́n wá fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á sáàárín abala kan àti èkejì. Gọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn sítáǹbù. Ìwé dídán yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ti òde òní tí à ń ṣí lẹ̀ kò nílò rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìtàn mi ti pẹ́.

Ọkùnrin kan wà tó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ra ìwé sítáǹbù kan, ó nípọn, kò wọ àpò àyà rẹ̀ dáadáa. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìwé dídán náà ya lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó tà á fún un rí i láti ojú fèrèsé. "Ọ̀gá, ẹ má ya á o! Iṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀."

"Iṣẹ́ wo? Kò gba yíǹkì, kò ṣeé lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ṣé ìwé òfìfo ni mo ní kí o tà fún mi?"

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

Ìwé sítáǹbù náà wá fẹ́lẹ́, ó wọ àpò. Oòrùn mú, òógùn bo àyà rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá kan sáré dé. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti gba ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n èsì gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ lẹ́tà ọjọ́ náà lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò. Wọ́n ti ti fèrèsé sítáǹbù. Dírẹ́bà ti ń di àpò lẹ́tà lẹ́nu.

"Ẹ má mikàn, ìyá. Sítáǹbù wà lọ́wọ́ mi."

Ó kọ èsì náà tán, ó fa ìwé sítáǹbù rẹ̀ yọ lápò. Gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan ṣoṣo, ó le bí èèpo igi. Ó fi èékánná họ ọ́, ojú sítáǹbù bó. Ó fi abẹ là á, ó ya. Ọkọ̀ lọ.

Ìyá náà ní, "Akọ̀wé, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe tà á fún yín?"



Àyìnlá, ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí mò ń lọ bẹ ìyàwó rẹ nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn mí! Ó ní òun kì í sọ̀rọ̀ parí lójú rẹ. Ọ̀kan kì í tíì délẹ̀ tí o fi ń fèsì. Ìwọ náà sì dúró níwájú mi, o ní dídákẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ kankan. Háà! Ìdákẹ́ ni ìwé dídán inú ilé. O fà á ya, ó wá ń yà ọ́ lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́fà ti lẹ̀ mọ́ra, tí kò sí èyí tó ṣeé ṣí?

Ìyàwó rẹ gbà láti wá lọ́la. Ó ní ìkẹyìn nìyí. Bó bá sọ̀rọ̀ tó dánu dúró, má tíì fèsì. Bu omi mu. Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti parí.

Fi èmi gbìyànjú rẹ̀ wò ná. Mo ti sọ tèmi tán. Má tíì dá mi lóhùn.